Ẹrù Arìnrìn-àjò: Láti Òrè dé Pápákọ̀ Òfurufú Ìkẹjà

Ará Òdígbó tó bá ń lọ sókè òkun, Ìkẹjà ló sábà máa ń forí lé. Yóò wọkọ̀ ní Òrè, yóò gba Ìjẹ̀bú-Òde àti Ṣágámù kọjá kó tó dé Pápákọ̀ Murtala Muhammed tí wọ́n ṣí ní 1979. Ará Èkó lè fa ohun tí wọ́n bá kọ̀ fún un níbi àyẹ̀wò lé ẹni tó sìn ín wá lọ́wọ́. Ní ti ará Òdígbó, ta ni yóò bá a gbé e padà? Ilé ni kó ti to ẹrù rẹ̀ bó ṣe yẹ.

Ohun tó mú kí àyẹ̀wò le
• Lẹ́yìn ìkọlù 11 September 2001 ní Amẹ́ríkà, ọ̀bẹ àti abẹ di èèwọ̀ lọ́wọ́ èrò.
• Ní December 2001, ọkùnrin kan fẹ́ ṣáná sí ohun abúgbàmù tó wà nínú bàtà rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í ní kí èrò bọ́ bàtà níbi àyẹ̀wò.
• Ní August 2006, ọlọ́pàá Ìlú Ọba tú àṣírí àwọn tó fẹ́ fi ohun olómi fọ́ ọkọ̀ òfurufú.
• Ní 25 December 2009, Umar Farouk Abdulmutallab, ọmọ Nàìjíríà tó wọkọ̀ ní Èkó, gbé ohun abúgbàmù sínú pátá gba Amsterdam lọ sí Detroit. Kò bú. Láti ìgbà náà ni ẹ̀rọ tó ń yẹ gbogbo ara wò ti pọ̀ sí i.

Báàgì ọwọ́
Ohun olómi: ike kọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ ju 100 mílílítà lọ, kí gbogbo wọn sì wà nínú ọ̀rá kan tó mọ́ gaara, tí kò ju lítà kan lọ. Bí ike ṣe tóbi tó ni wọ́n ń wò: ike 200 mílílítà tí ìpara inú rẹ̀ ku díẹ̀ kò ní kọjá. Òrí, oyin, ọbẹ̀, ata lílọ̀ àti ọṣẹ dúdú tó rọ̀, ohun olómi ni wọ́n ka gbogbo wọn sí. Àwọn pápákọ̀ kan lókè òkun ti dẹ òfin yìí. Ẹ tẹ̀ lé èyí tó le jù lọ́nà yín.

Páwá báńkì: ọwọ́ ni kó wà, kó má ṣe wọ abẹ́ ọkọ̀. Èyí tí kò ju 100 Wh lọ kò ní wàhálà. 20,000 mAh kò ju nǹkan bíi 74 Wh lọ.

Ìwé ìrìnnà, owó àti oògùn: ẹ jẹ́ kí oògùn wà nínú páálí rẹ̀, pẹ̀lú ìwé dókítà. Owó tó bá ju 10,000 dọ́là lọ, ẹ sọ fún kọ́sítọ́ọ̀mù.

Ẹrù abẹ́ ọkọ̀
Ibẹ̀ ni ọ̀bẹ, àlùmọ́gàjí, gààrí àti èlùbọ́ yóò wà. Lọ́nà Amẹ́ríkà, ìyẹ̀fun tó bá ju 350 mílílítà lọ lè dá yín dúró bó bá wà lọ́wọ́.

Epo pupa ń fẹ́ ọgbọ́n. Ẹ kọ́kọ́ bi ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ bóyá wọ́n ń gbà á. Ẹ má bu epo kún ike dé ẹnu. Ẹ fi ọ̀rá bo ẹnu rẹ̀ kí ẹ tó dé e, ẹ fi téèpù yí ìdérí náà ká, kí ẹ wá kó o sínú ọ̀rá méjì, kó dúró lóòró láàárín aṣọ tí kò níye lórí.

Ẹ fi sílẹ̀
Ẹran ìgbẹ́ tí wọ́n ń tà lójú ọ̀nà Òrè sí Benin, kódà bó gbẹ bí igi, Ìlú Ọba àti Amẹ́ríkà kò gbà á wọlé. Bẹ́ẹ̀ náà ni pọ̀nmọ́ àti kílíṣí. Ẹja gbígbẹ ṣeé gbé lọ sí Ìlú Ọba bí kò bá ju 20 kílò lọ. Gáàsì, kẹrosíìnì àti bángà kò gbọdọ̀ sí níbì kankan nínú ẹrù.

Ẹrù tí kì í ṣe tiyín
Ní December 2018, wọ́n mú akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan tó gba Kano lọ sí Saudi Arabia. Àwọn kan ti so orúkọ rẹ̀ mọ́ báàgì tí oògùn tramadol wà nínú rẹ̀. Ìparí April 2019 ni wọ́n tó dá a sílẹ̀. Nítorí náà:
• Ẹ má bá ẹnikẹ́ni gbé ohun tí ẹ kò tú wò.
• Ẹ ya fọ́tò báàgì yín, kí ẹ sì tì í.
• Ẹ ka ìwé tí wọ́n so mọ́ ẹrù. Iye rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá iye báàgì yín mu.

Ètò àkókò
Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú: ẹ wọn ẹrù. Kílò 23 ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ń gbà fún báàgì kan, ṣùgbọ́n ohun tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ tẹ̀ lé.
Ọjọ́ kan ṣáájú: ẹ kúrò ní Òrè, kí ẹ sùn sí Èkó, gosiló kì í dúró de ọkọ̀ òfurufú.
Wákàtí mẹ́rin ṣáájú: kí ẹ ti wà ní pápákọ̀. Bí wọ́n bá kọ nǹkan kan nínú báàgì ọwọ́, ẹ bi wọ́n bóyá ó ṣì lè wọ ẹrù abẹ́ ọkọ̀ kí ẹ tó fi í sílẹ̀.