Ìtìjú Akẹ́kọ̀ọ́ Lórí Ìwé Tútùọlá

Nígbà tí ìwé Amos Tútùọlá, The Palm-Wine Drinkard, jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1952, Dylan Thomas yìn ín. Ṣùgbọ́n ojú ti ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wa nílùú òyìnbó. Wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ wọ́, yóò sì sọ wá di ẹni yẹ̀yẹ́.

Ní 1963, Kọ́lá Ògúnmọ́lá fi ìtàn náà ṣeré lédè Yorùbá ní Yunifásítì Ìbàdàn. Tẹ̀rín-tọ̀yàyà ni òǹwòran fi gbà á. Kókó ìtàn kò yí padà. Èdè ni ó yí padà.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ń kẹ́gàn ìwé, ẹ ní kí ó kọ́kọ́ fi èdè ìyá rẹ̀ sọ ìtàn náà. Nígbà náà ni yóò mọ̀ bóyá ìwé ni kò dára, tàbí ojú àlejò ni òun fi ń wo ilé baba òun.