Àkọ́rọ̀ Kì í Ṣe Ìbẹ̀rẹ̀ Òjò: Àkíyèsí àti Àsọtẹ́lẹ̀ Ojú Ọjọ́ ní Ìpájà láti Oṣù Kẹrin sí Oṣù Kẹfà

Àṣamọ̀

Lọ́dọọdún, láti oṣù Kẹrin sí oṣù Kẹfà, ọ̀rọ̀ òjò kì í kúrò lẹ́nu àwọn ará Ìpájà ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́, ìpínlẹ̀ Èkó. Àpilẹ̀kọ yìí ṣàlàyé bí ojú ọjọ́ ṣe ń yí padà ní àsìkò náà, bí wọ́n ṣe ń wọn òjò, àti irú àsọtẹ́lẹ̀ mẹ́ta tí àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ ń ṣe. Ó fi hàn pé èdè Yorùbá ti ní ọ̀rọ̀ tó ya àkọ́rọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára òjò tó ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, àti pé ìyàtọ̀ yìí gan-an ni ó máa ń sọnù nígbà tí a bá túmọ̀ àsọtẹ́lẹ̀ sí Yorùbá láìfara balẹ̀.

Ìfáárà

Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní òjò kò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji bá rí ni eji ń pa. Òótọ́ ni òwe yìí, nítorí òjò kì í mọ olówó yàtọ̀ sí tálákà. Síbẹ̀, ẹni tó mọ̀ pé òjò ń bọ̀ kò jọ ẹni tí òjò ká mọ́ ojú ọ̀nà. Èyí tó mọ̀ ti kó elùbọ́ tó sá sínú ilé, ó ti kó ìdọ̀tí kúrò nínú gọ́tà, ó sì ti kan páànù tó ń mì lórí ilé rẹ̀. Èyí tí kò mọ̀ ni eji ń pa.

Ọ̀rọ̀ yìí kò kéré ní agbègbè bíi Ìpájà. Nínú ètò ìkànìyàn ọdún 2006, ènìyàn 1,277,714 ni Àjọ Ìkànìyàn kà ní Alímọ̀ṣọ́. Láàárín àwọn ilé tó ń pọ̀ sí i yìí ni a ti rí àwọn tó ń gbin ẹ̀fọ́ àti àgbàdo sórí ilẹ̀ tí wọn kò tíì kọ́lé sí, àwọn bíríkìlà tí òjò lè ba sìmẹ́ǹtì wọn jẹ́, àti àwọn ìyálọ́jà tí ìsọ̀ wọn wà létí títì. Gbogbo wọn ni wọ́n ń gbọ́ àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́. Ìbéèrè tó ṣe kókó ni pé: kí ni ohun tí wọ́n ń gbọ́ yẹn ń sọ ní tòótọ́?

Bí òjò ṣe ń wọ Èkó

Ní ilẹ̀ Yúróòpù, ìgbà ìrúwé ni oṣù Kẹrin sí oṣù Karùn-ún jẹ́. Ní Èkó, àsìkò tí ẹ̀ẹ̀rùn ń fi ipò sílẹ̀ fún òjò ni. Atẹ́gùn méjì ni wọ́n ń du ojú ọ̀run mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ọ̀kan ń fẹ́ láti aṣálẹ̀ Sàhárà ní àríwá ìlà-oòrùn. Gbígbẹ ni, òun sì ni ó ń gbé ọyẹ́ wá. Èkejì ń fẹ́ láti orí Òkun Àtìláńtíìkì ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn. Ó kún fún ọ̀rinrin. Ibi tí àwọn méjèèjì ti pàdé kì í dúró sójú kan. Ní oṣù Kìíní, kò jìnnà sí etíkun rárá. Nígbà tó bá di oṣù Kẹjọ, ó ti dé ẹ̀bá Sàhárà.

Òjò ńlá kì í rọ̀ ní ojú ààlà náà gan-an, nítorí pé ọ̀rinrin ibẹ̀ kò tíì nípọn tó. Ọ̀pọ̀ kìlómítà lẹ́yìn rẹ̀, ní apá gúúsù, ni òjò ti ń pọ̀. Ìdí nìyí tí oṣù Kẹfà fi máa ń jẹ́ oṣù tí òjò pọ̀ jù ní Èkó: ní àkókò yẹn, agbègbè òjò ńlá wà lórí etíkun. Nígbà tó bá tún sún sókè sí àríwá, tí omi òkun etíkun sì tutù, òjò a dín kù ní ìparí oṣù Keje àti oṣù Kẹjọ. Bí ààlà náà bá ń padà bọ̀ wá sí gúúsù, òjò a tún gbérí ní oṣù Kẹsàn-án àti oṣù Kẹwàá. Nítorí náà, ẹ̀ẹ̀mejì ni òjò ń ga lọ́dún ní Èkó, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo bíi ti àwọn ìlú òkè ọya.

Ìpájà fi nǹkan bí ogún kìlómítà jìnnà sí òkun. Atẹ́gùn tútù tó ń ti orí omi wá ní ọ̀sán máa ń dín agbára kù kó tó débẹ̀. Èyí wà lára ohun tó ń jẹ́ kí ọ̀sán ibẹ̀ móoru ju ti Erékùṣù Èkó lọ, bẹ́ẹ̀ ooru ọ̀sán sì wà lára ohun tó ń kó àwọsánmà òjò jọ ní ìrọ̀lẹ́.

Bí wọ́n ṣe ń wọn òjò

Òfin tó dá Àjọ Ojú Ọjọ́ Nàìjíríà, tí gbogbo ayé mọ̀ sí NiMet, sílẹ̀ jáde ní ọdún 2003. Kó tó di ìgbà náà, ẹ̀ka kan lábẹ́ iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ fún ọkọ̀ òfurufú ni ó ń ṣe iṣẹ́ yìí. Àjọ náà ní ibùdó àkíyèsí ní pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed ní Ìkẹjà. Bí a bá fa okùn tààrà láti ibẹ̀ dé Ìpájà, kò tó kìlómítà mẹ́wàá.

Ohun èlò tí wọ́n fi ń wọn òjò kò díjú. Agolo olójú gbọọrọ kan ni, tí a gbé sí gbangba níbi tí igi tàbí ilé kò ti ṣíji bò ó. Òjò a rọ̀ sínú rẹ̀, òṣìṣẹ́ a sì wo bí omi náà ti ga tó ní iye mìlímítà. Mìlímítà kan dúró fún lítà omi kan lórí ilẹ̀ tó fẹ̀ ní mítà kan níbùú lóròó. Ìṣirò yìí ni ó ń sọ nọ́ńbà di ohun tí ojú rí. Bí òjò tó tó mìlímítà 50 bá rọ̀ sórí òrùlé tó fẹ̀ tó ọgọ́rùn-ún mítà níbùú lóròó, lítà 5,000 ni ó sọ̀ kalẹ̀ láti orí ilé kan ṣoṣo. Bí irú ilé bẹ́ẹ̀ bá jẹ́ ogún ní òpópónà kan ní Shagari Estate tàbí Abẹ́sàn, lítà 100,000 ni ó ń wá gọ́tà tí yóò gbà á. Bí ọ̀rá omi àti ìdọ̀tí bá ti dí gọ́tà náà, inú ilé ni omi yóò yà sí.

Ibùdó kan kò lè rí gbogbo ìlú. Òjò ìrọ̀lẹ́ oṣù Karùn-ún lè rọ̀ gan-an ní Ìkẹjà kí ilẹ̀ Ìpájà má tutù rárá. Nítorí náà, nígbà tí a bá kà pé òjò báyìí báyìí rọ̀ "ní Èkó", ohun tí a ń kà ni ohun tó bọ́ sínú agolo kan. Àwòrán sátẹ́láìtì àti rédà ni wọ́n fi ń gbìyànjú láti dí àlàfo tó wà láàárín agolo kan sí òmíràn.

Àsọtẹ́lẹ̀ mẹ́ta, ìbéèrè mẹ́ta

Irú àsọtẹ́lẹ̀ mẹ́ta ni ó yẹ kí a yà sọ́tọ̀. Èkíní ni ti àsìkò. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ni NiMet ń gbé e jáde fún gbogbo Nàìjíríà, iléeṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká náà a sì máa gbé tirẹ̀ jáde fún Èkó. Ó ń sọ ìgbà tí òjò yóò fẹsẹ̀ múlẹ̀, ìgbà tí yóò kásẹ̀ nílẹ̀, àti bóyá àròpọ̀ rẹ̀ yóò ju ti àtẹ̀yìnwá lọ tàbí kò ní tó o. Èkejì ni ti ọjọ́ kan sí ọjọ́ mélòó kan. Ẹ̀kẹta ni ìkìlọ̀ wákàtí díẹ̀, nígbà tí ìjì ti wà lójú ọ̀nà.

Ìbéèrè tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń dáhùn yàtọ̀. Ti àsìkò wúlò fún àgbẹ̀ tó fẹ́ ra irúgbìn àti fún ìjọba tó fẹ́ gbẹ́ ojú àgbàrá. Kò lè sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ kan pàtó. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù Keje ọdún 2011, òjò ńlá kan rọ̀ ní Èkó tó fa omíyalé káàkiri ìlú, tó sì mú ẹ̀mí lọ. Àròpọ̀ òjò ọdún kan kò lè fi irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ hàn wá. Ọdún tí òjò rẹ̀ mọ níwọ̀n lè ní ọjọ́ kan tó burú jáì nínú.

Àkọ́rọ̀ àti òjò tó fẹsẹ̀ múlẹ̀

Ibí ni èdè ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Àkọ́rọ̀ ni Yorùbá ń pe òjò tó kọ́kọ́ rọ̀ lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀rùn. Ó ń pa eruku, ó ń mú kí ilẹ̀ rùn yẹ́ẹ́, inú àwọn ọmọdé a sì dùn láti wẹ̀ nínú rẹ̀. Àgbẹ̀ tó gbọ́n kì í tìtorí àkọ́rọ̀ kó gbogbo àgbàdo rẹ̀ sílẹ̀. Ó ń dúró kí òjò fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Ohun tí àgbẹ̀ ń ṣe yìí bá ìlànà sáyẹ́ǹsì mu. Ọ̀kan nínú àwọn ìlànà tí àwọn onímọ̀ ń lò ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láti mọ ìbẹ̀rẹ̀ òjò ní ẹsẹ̀ méjì. Àkọ́kọ́, òjò tó tó mìlímítà 20 gbọ́dọ̀ rọ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́ta tó tẹ̀ léra. Èkejì, láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, ọ̀gbẹlẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ọjọ́ méje lọ. Bí òjò bá kún òṣùwọ̀n ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ tó sì kùnà èkejì, kò tíì bẹ̀rẹ̀ lójú ìlànà yìí. Àkọ́rọ̀ lásán ni.

Wàyí o, bí akọ̀ròyìn bá túmọ̀ àsọtẹ́lẹ̀ pé "òjò yóò bẹ̀rẹ̀" ní ọjọ́ báyìí, etí méjì ni ó lè gbọ́ ọ. Ẹni tí òjò ti pa ní Ìpájà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ náà yóò sọ pé irọ́ ni àwọn onímọ̀ ń pa. Ẹlòmíràn yóò rí àkọ́rọ̀, yóò ní ìbẹ̀rẹ̀ tí wọ́n sọ ti dé, yóò gbin àgbàdo, ọ̀gbẹlẹ̀ ọjọ́ mẹ́wàá yóò sì pa á. Owó irúgbìn ti lọ, àsọtẹ́lẹ̀ ni wọn yóò sì dá lẹ́bi. Bí akọ̀ròyìn bá sọ pé "òjò yóò fẹsẹ̀ múlẹ̀", kò sí àṣìgbọ́ méjèèjì yìí. Ọ̀rọ̀ náà ti wà nílẹ̀. Ẹni tí yóò lò ó ni a ń wá.

Ìjì ń ṣáájú ọ̀wààrà

Àṣìgbọ́ kejì ni pé ewu òjò jẹ́ ti omi nìkan. Ní oṣù Kẹrin àti oṣù Karùn-ún, ìjì ni ó sábà máa ń ṣe ọṣẹ́ jù. Ọ̀pọ̀ ìjì wọ̀nyí ń bọ̀ láti ìlà-oòrùn, wọ́n tò bí odi gígùn, wọ́n sì ń lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Ẹni tó dúró ní Ìpájà yóò rí i pé ojú ọ̀run dúdú kirikiri ní apá Ìkẹjà, atẹ́gùn yóò dákẹ́, lẹ́yìn náà ni ẹ̀fúùfù tútù yóò dé lójijì pẹ̀lú eruku. Ọ̀wààrà òjò àti àrá á tẹ̀ lé e. Nígbà tó bá yá, òjò náà á di wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, á sì pẹ́ kó tó dá. Ẹ̀fúùfù tó ṣáájú yìí ni ó ń ṣí páànù, tó ń wó pátákó ìpolówó àti òpó iná. Àárín ìgbà tí ojú ọ̀run ṣú sí ìgbà tí ìjì dé kì í gùn. Nítorí náà, ìkìlọ̀ wákàtí díẹ̀ ni ó lè gba ènìyàn lọ́wọ́ rẹ̀, kì í ṣe àsọtẹ́lẹ̀ àsìkò.

Bí a ṣe lè sọ iyèméjì

Àsọtẹ́lẹ̀ ọjọ́ kan kì í ṣe ìlérí. Bí ó bá sọ pé ìdá ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ni ìrètí òjò, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé nínú ọjọ́ mẹ́wàá tí ojú ọjọ́ bá rí bẹ́ẹ̀, òjò yóò rọ̀ ní nǹkan bí mẹ́fà, kò sì ní rọ̀ ní mẹ́rin. Nígbà tí ìtumọ̀ Yorùbá bá sọ èyí di "òjò yóò rọ̀ lọ́la", ọjọ́ mẹ́rin tó kù ti di irọ́ lọ́rùn onímọ̀ ojú ọjọ́. Bí ó bá sì sọ ọ́ di "òjò lè rọ̀", ìdá ogún àti ìdá ọgọ́rin ti di ọ̀kan náà.

Yorùbá kò ṣe aláìní ọ̀nà láti sọ ọ́. Òjò ṣú yàtọ̀ sí òjò rọ̀. Òjò ń ṣẹ́ winniwinni yàtọ̀ sí ọ̀wààrà. Gbogbo ènìyàn sì mọ̀ pé òjò lè ṣú kó má rọ̀. Orí ìmọ̀ yìí ni ó yẹ kí olùtumọ̀ kọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lé: "Nínú ọjọ́ mẹ́wàá tó bá ṣú bí ọ̀la yóò ṣe ṣú, òjò a máa rọ̀ ní mẹ́fà." Gbólóhùn náà gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n kò purọ́, ìyálọ́jà tó fẹ́ sá elùbọ́ sì lè fi ṣe ìpinnu.

Àgbálọgbábọ̀

NiMet ti ń ṣe ẹ̀dà kúkúrú àsọtẹ́lẹ̀ àsìkò ní èdè Yorùbá, Haúsá àti Ígbò. Ìgbésẹ̀ tó dára ni. Iṣẹ́ tó kù sì wà lọ́wọ́ àwọn onímọ̀ èdè pẹ̀lú àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́: kí wọ́n jọ fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ tí a ó máa lò fún ìbẹ̀rẹ̀ òjò, fún ìjì tó ń ṣáájú òjò, àti fún ìdá ìrètí, kí rédíò kan má sì sọ ohun tó yàtọ̀ sí ti èkejì. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò nílò kí a dá ọ̀rọ̀ tuntun púpọ̀ sílẹ̀. Ó nílò kí a padà síbi tí àgbẹ̀ ti ń sọ pé àkọ́rọ̀ ni èyí, òjò kò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ ìyẹn ní Ìpájà mọ ohun tó kàn láti ṣe: yóò tún gọ́tà rẹ̀ ṣe, yóò sì fi irúgbìn rẹ̀ pamọ́ dìgbà tí òjò bá múlẹ̀.