Etí Ni Ẹnu Ọmọ Ń Tọ̀ Lẹ́yìn

Bí ọmọ bá pé ọdún méjì tí kò tíì sọ̀rọ̀, ohun tí a sábà máa ń gbọ́ nínú agbo ilé ni pé, 'Ẹ fi í sílẹ̀, bàbá rẹ̀ náà pẹ́ kí ó tó sọ̀rọ̀.' Bí ọmọ mìíràn tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta bá sì ń pe iṣu ní 'itu', ẹ̀rín ni àwọn ará ilé máa ń fi í rín. Olùkọ́ rẹ̀ pàápàá lè máa rò pé ahọ́n rẹ̀ ní àléébù. Ìmọ̀ nípa bí ọmọdé ṣe ń kọ́ èdè fi hàn pé ìbẹ̀rù àwọn àgbà kì í sábà wà níbi tí ó yẹ kí ó wà. Ọmọ tí a ń fi rẹ́rìn-ín lè jẹ́ ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá, kí ó sì jẹ́ pé èyí tí a ní kí a fi sílẹ̀ gan-an ni ó yẹ kí a tètè gbé lọ fún àyẹ̀wò.

Kí ọmọ tó fi ẹnu wí ohunkóhun, etí rẹ̀ ti ṣe iṣẹ́ púpọ̀. Inú oyún ni ó ti ń gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀. Ní 1980, DeCasper àti Fifer ní Amẹ́ríkà fi ọmú rọ́bà dán àwọn ìkókó tí kò tíì pé ọjọ́ 3 láyé wò. Wọ́n rí i pé àwọn ìkókó náà ń mu ọmú ọ̀hún lọ́nà tí yóò fi jẹ́ pé ohùn ìyá tiwọn ni wọn yóò máa gbọ́, dípò ohùn obìnrin mìíràn.

Igbe ni ẹnu fi ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tirẹ̀. Ní nǹkan bí oṣù 2 sí 3, ọmọ a máa rẹ́rìn-ín, a sì máa ké jẹ́jẹ́ bí ẹyẹlé. Fáwẹ́lì ni ó pọ̀ jù nínú ìró náà. Láàárín oṣù 6 sí 10 ni ó ń so kọ́ńsónáǹtì pọ̀ mọ́ fáwẹ́lì, tí ó sì ń tún sílébù kan náà wí: 'bababa', 'mamama', 'dadada'. Inú òbí a dùn pé ọmọ ti ń pe àwọn, ṣùgbọ́n ìdánrawò ni ẹnu ń ṣe nígbà náà. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ó ní ìtumọ̀ sábà máa ń jáde ní nǹkan bí ọdún kan. Láàárín oṣù 18 sí 24, ọmọ a bẹ̀rẹ̀ sí í so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀: 'Bàbá lọ', 'omi tán'. Nígbà tí ó bá pé ọdún mẹ́ta, àlejò tí kò bá a gbé pàápàá yóò máa gbọ́ èyí tí ó pọ̀ jù nínú ohun tí ó ń wí. Ọmọ kan lè fi oṣù mélòó kan ṣáájú èkejì, ṣùgbọ́n bí ìpele wọ̀nyí ṣe ń tẹ̀ lé ara wọn kì í sábà yí padà.

Ọmọ Yorùbá tún ní iṣẹ́ kan tí ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kò ní. Èdè rẹ̀ jẹ́ èdè olóhùn: ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ ni ó ń ya igbá sọ́tọ̀ kúrò lára ìgbà àti igba. Ènìyàn lè rò pé èyí ni yóò ṣòro jù fún ọmọdé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Li àti Thompson ṣe ìwádìí lórí ọmọ 17 tí ń kọ́ èdè Ṣáínà ní Taipei, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 1977: ohùn ni àwọn ọmọ náà kọ́kọ́ mọ̀ dáadáa, kí wọ́n tó mọ kọ́ńsónáǹtì àti fáwẹ́lì pè tán. Ní 2000, Harrison tẹ ìwádìí tirẹ̀ jáde lórí ìkókó ọmọ oṣù 6 sí 8, àwọn kan láti ilé tí a ti ń sọ Yorùbá, àwọn kan láti ilé tí a ti ń sọ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀nà tí ìhà méjèèjì ń gbà dá ìyàtọ̀ ohùn mọ̀ ti yàtọ̀ síra, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ìkankan nínú wọn tí ó tíì sọ ọ̀rọ̀ kan.

Ẹ wo ọmọ ọdún méjì tí ó na ọwọ́ sí ìyá rẹ̀, tí ó ní, 'Bé mi'. Ẹnu rẹ̀ kò tíì ká gb, ṣùgbọ́n ohùn òkè wà lórí 'bé', ohùn àárín sì wà lórí 'mi'. Ìyá rẹ̀ gbọ́ ọ yé, ó sì gbé e. Bí ó bá pe igbá ní 'ibá', kò sí ẹni tí yóò ṣì í gbọ́ sí ìgbà. Kọ́ńsónáǹtì bíi gb, r àti ṣ lè pẹ́ kí wọ́n tó tọ́ lẹ́nu ọmọ. Ọmọdé kì í mọ ẹ̀kọ́ jẹ kí ó má ra á lọ́wọ́. Kí ìyá dáhùn pé, 'Ṣé kí n gbé ọ?' ti tó. Ọmọ yóò gbọ́ bí ó ṣe yẹ kí ó rí, láìsí pé a fi í ṣẹ̀sín. Olùkọ́ sì gbọ́dọ̀ ṣọ́ra kí ó má baà pe ẹ̀ka-èdè ní àìsàn: ọmọ Ìbàdàn tí ó ní 'isu' ń sọ èdè ilé rẹ̀ ni. Bákan náà ni ọ̀pọ̀ ọmọ ọdún 2 sí 4 tí ń tún ọ̀rọ̀ wí bí akólòlò yóò bọ́ nínú rẹ̀ bí a kò bá kan wọ́n lójú.

Ìdákẹ́jẹ́ ni ó yẹ kí ó bani lẹ́rù. Ohun tí ó ń tan òbí jẹ ni pé ọmọ tí a bí ní adití náà ń ké, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń ké bí ẹyẹlé ní oṣù àkọ́kọ́. Ìwádìí Oller àti Eilers ní 1988 fi ibi tí ọ̀nà ti pín hàn: gbogbo ìkókó tí ń gbọ́ràn nínú ìwádìí náà ti ń sọ sílébù bíi 'bababa' kí oṣù 10 tó pé, ṣùgbọ́n àwọn adití kò bẹ̀rẹ̀ títí di oṣù 11 tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Nítorí náà, ọmọ oṣù 6 tí kì í yíjú sí ibi tí ohùn ti ń wá, èyí tí kò wí 'bababa' ní oṣù 10, èyí tí kò ní ọ̀rọ̀ kan ní oṣù 16, tàbí tí kò so méjì pọ̀ ní ọdún méjì, ó yẹ fún àyẹ̀wò etí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ tí ó ti ń sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ tí ó wá dákẹ́, pàápàá lẹ́yìn àrùn yírùnyírùn. Ibà pọ́njú tí ó le lára ìkókó náà a máa ba etí jẹ́. Kí a pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn ọmọ nínú ilé kò tó ní àyẹ̀wò, nítorí ó lè rí òjìji wa, ó sì lè mọ atẹ́gùn ọwọ́ wa lára.

Ìmọ̀ràn àwọn oníṣègùn etí ni pé kí a ṣe àyẹ̀wò kí ọmọ tó pé oṣù kan, kí a mọ òótọ́ ọ̀rọ̀ kí ó tó pé oṣù 3, kí ìrànlọ́wọ́ sì bẹ̀rẹ̀ kí ó tó pé oṣù 6. Ilé-ìwòsàn Yunifásítì, UCH, ní Ìbàdàn ní ẹ̀ka tí ń tọ́jú etí, imú àti ọ̀fun. Ní Ọ̀yọ́, kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ tí a dá sílẹ̀ ní 1977 ń kọ́ àwọn olùkọ́ tí yóò máa kọ́ adití àti àwọn mìíràn tí ó ní ìpèníjà. Ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ lè ran àwọn ọmọ kan lọ́wọ́. Èdè tí a ń fi ọwọ́ sọ sì jẹ́ èdè pípé fún ẹni tí kò lè gbọ́.

Nínú kíláàsì, ọmọ tí a pè tí kò dáhùn, tí ó ń wo ẹnu olùkọ́, tí ó ń ṣe ohun tí ẹnì kejì rẹ̀ bá ṣe, ni a máa ń pè ní olóríkunkun. Ẹgba ni a fi ń dá a lóhùn, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọ́ ìpè náà rárá. Kí olùkọ́ tó mú ẹgba, kí ó kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ ìgbà tí ọmọ náà wí 'bababa'. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò.