Èékánná àti irun ajá: bí a ṣe lè gé e láìsí ewu

Èékánná tó gùn jù àti irun tó dì pọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà lásán fún ajá; ọ̀rọ̀ ìlera ni, fún ajá àti fún alájá. Ajá tí a bá pa lára lè bu ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ jẹ.

Bí èékánná ajá bá ń dún kọ̀kọ̀kọ̀ lórí ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì, àsìkò ti tó láti gé e. Kí a má gbàgbé èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ iwájú. Kì í kan ilẹ̀, ó sì lè ká wọnú ẹran ara.

Nínú èékánná ni ẹran kan wà tí iṣan ẹ̀jẹ̀ gbà kọjá, tó sì ń mọ ìrora. Bí èékánná bá funfun, ẹran yìí a máa hàn ní àwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú. Bí ó bá dúdú, díẹ̀díẹ̀ ni kí a máa gé e, kí a sì dáwọ́ dúró ní kété tí àmì róbótó bá yọ ní àárín ojú ibi tí a gé. Bí ẹ̀jẹ̀ bá jáde, kí a fi ìyẹ̀fun àgbàdo tẹ ibẹ̀ mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Bí kò bá dá, kí a gbé ajá náà lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko.

Ní ti irun, kí a kọ́kọ́ fi òòyà yà á kí a tó wẹ ajá, nítorí omi a máa mú kí èyí tó dì pọ̀ le sí i. Kí a má ṣe ti àlùmọ́gàjí bọ abẹ́ irun bẹ́ẹ̀. Awọ ajá fẹ́lẹ́, ó sì rọrùn láti gé e mọ́ irun. Kílípà sàn jù, ṣùgbọ́n kí a máa pa á lóòrèkóòrè kí ó tutù, torí abẹ rẹ̀ tó bá gbóná lè jó awọ. Ajá tí irun rẹ̀ jẹ́ ìpele méjì, bíi ìran Jámánì tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń ṣọ́ ilé, kò yẹ kí a fá kodoro nítorí ooru. Irun náà ló ń dáàbò bo awọ rẹ̀ lọ́wọ́ oòrùn.

Kí ajá ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi ṣáájú gbogbo èyí. Gẹ́gẹ́ bí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe sọ, ajá ló ń kó àrùn yìí ran ènìyàn nínú nǹkan bí ìdá 99 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí àmì rẹ̀ bá sì ti hàn, ó ṣọ̀wọ́n kí ènìyàn yè é. Ẹni tí ajá bá bù jẹ gbọ́dọ̀ fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ó sì lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bí ajá bá ń jà, kí a gé ti ẹsẹ̀ kan lónìí, kí a fi ìyókù di ọ̀la.