Kí A Wò Ó Kí A Tó Wó O: Ìtàn Àwọn Ilé Oko ní Òde-Ìrèlè

Àwọn baba wa tí wọ́n ní ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré, òwe wọn dé ilẹ̀ Ìkálẹ̀, ṣùgbọ́n ẹṣin fúnra rẹ̀ kò lè bá òwe náà pẹ́ níbẹ̀. Nítorí nínú igbó kìjikìji ilẹ̀ náà ni eṣinṣin tí òyìnbó ń pè ní tsetse gbé wà, tí í fi àrùn sínú ẹ̀jẹ̀ ẹṣin títí yóò fi rù, tí yóò sì kú. Ẹni tí ó bá ń wá ilé ẹṣin àtijọ́, ọ̀nà Ọ̀yọ́ àti Ìlọrin ni kí ó gbà. Ní Òde-Ìrèlè, ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ yìí, ilé epo pupa àti ilé púpurú ni àgbẹ̀ ń kọ́ sí oko.

Ẹ jẹ́ kí a wọ ilé púpurú kan. Ẹ̀gẹ́ ni púpurú: a ó bẹ ẹ́, a ó rẹ ẹ́ sínú omi fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin títí yóò fi rọ̀, a ó fún omi rẹ̀ dànù, a ó mọ ọ́n róbótó, a ó sì tò ó sórí àjà lókè iná kí ẹ̀fín lè gbẹ ẹ́. Amọ̀ ni ògiri ilé náà. Igi òrùlé rẹ̀ ti dúdú bí kóró iṣin. Àlàfo tí ó wà láàárín ògiri àti òrùlé kì í ṣe àṣìṣe ọmọlé, ọ̀nà ẹ̀fín ni. Ibi tí ilẹ̀ sì ti jìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ibẹ̀ ni omi ẹ̀gẹ́ ń ṣàn gbà láti inú àpò tí wọ́n fi òkúta tẹ̀. Kò sí ìwé tí ó sọ èyí fún wa. Ara ilé ni a ti kà á.

Ṣùgbọ́n bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni babaláwo fi ń dífá ọrọọrún. Ìlú ń fẹ̀, oko àná ń di àdúgbò, ọmọ sì fẹ́ kí ilé púpurú ìyá òun di yàrá méjì àti pálọ̀. A kò ní kí ó má ṣe é. Ilé tí ènìyàn kò bá gbé, àgbàrá ni yóò gbé e lọ. Ohun tí a ní kí ó ṣe ni pé kí ó kọ ìtàn ilé náà sílẹ̀ kí ó tó fọwọ́ kàn án.

Níbi tí ẹṣin pọ̀ sí, wọ́n ti ń ṣe é. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí ẹnìkan bá fẹ́ sọ ilé ẹṣin oko di ilé gbígbé, ìjọba ìbílẹ̀ lè sọ ọ́ di májẹ̀mú àṣẹ ìkọ́lé pé kí wọ́n kọ́kọ́ wọn ilé náà, kí wọ́n ya àwòrán rẹ̀, kí wọ́n sì fi àkọsílẹ̀ rẹ̀ pamọ́ fún gbogbo ènìyàn. Àjọ Historic England pín irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ sí ìpele 4, láti orí fọ́tò àti àlàyé ṣókí títí dé orí ìtàn kíkún.

Ní ilẹ̀ tiwa pẹ̀lú, ọmọ ilẹ̀ Poland kan, Zbigniew Dmochowski, dé ní 1958, ó sì ń fi okùn ìwọ̀n wọn ilé amọ̀ káàkiri Nàìjíríà. Ó kú ní 1982. Ní 1990 ni ìwé rẹ̀ tí ó jẹ́ apá mẹ́ta jáde. Bí ilé tí ó yà bá tilẹ̀ ti wó, àwòrán rẹ̀ kò wó.

Téèpù káfíńtà, ìwé, pẹ́ńsù àti fóònù tó fún iṣẹ́ náà. Ẹ wọn gígùn, ìbú àti gíga. Ẹ ya fọ́tò ògiri kọ̀ọ̀kan, nínú àti lóde. Ẹ kọ ọjọ́ sí i. Ẹ béèrè ẹni tí ó kọ́ ilé náà, ibi tí amọ̀ àti igi ti wá, àti orúkọ tí àwọn àgbà ń pe apá kọ̀ọ̀kan ní èdè Ìkálẹ̀, nítorí orúkọ ni ó máa ń kọ́kọ́ sọnù. Kí ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ ẹbí, kí ọ̀kan wà ní ilé ẹ̀kọ́, kí ọ̀kan sì lọ sí ilé ohun àdáyébá, irú èyí tí ó wà ní Ọ̀wọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹbí yín ní irú ilé bẹ́ẹ̀ lóko, ẹ lọ jókòó ti ìyá àgbà ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí bíríkìlà tó dé.