Ìtọ́jú Kóró Kí Ó Tó Wọlẹ̀

Bí kajú, obì, èkùrọ́ àti kóró èmi (igi òrí) bá wọlẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, wọn kò ní í hù lọ́jọ́ kan náà. Òmíràn kò tilẹ̀ ní í hù rárá. Ohun tí ó ń dí ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ yàtọ̀, nítorí náà ìtọ́jú tí ó la ọ̀nà fún ọ̀kan lè pa èkejì.

Kajú ni ó rọrùn jù. Èèpo rẹ̀ nípọn, omi sì ni ó nílò. A ó da kóró náà sínú garawa omi. Èyí tí ó bá léfòó, kí a kó o dànù, torí inú rẹ̀ kò kún. Èyí tí ó rì ni a ó rẹ fún wákàtí 24 sí 48. Bí a bá ń gbìn ín, ibi tí ó ti so mọ́ èso ni yóò kọjú sókè. Láàárín ọ̀sẹ̀ 2 sí 4, ó sábà máa ń yọ.

Ti obì gbàǹja kò rí bẹ́ẹ̀. Obì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ já ṣì ń sùn. Bí a bá gbìn ín lójú ẹsẹ̀, ó lè lo oṣù 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ilẹ̀. Ọ̀kan á hù lónìí, òmíràn á di oṣù tí ń bọ̀. Àìdọ́gba yìí ni ó ń da àwọn tó ń tọ́jú ọ̀gbìn láàmú jù, nítorí ọ̀gbìn tí kò dàgbà pọ̀ kò ṣe é kó lọ sóko lẹ́ẹ̀kan náà. Àsìkò ni oògùn rẹ̀. Obì tí a bó, tí a fi ewé tẹ́ agbọ̀n fún, tí a sì pa mọ́ fún oṣù mélòó kan láìjẹ́ kí ó gbẹ, máa ń yára hù ju èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ já lọ. Iṣẹ́ tí àwọn oníṣòwò obì ń ṣe kí ọjà wọn má bàa bàjẹ́ ti ṣe irúgbìn náà lóore.

Ọ̀pẹ ní tirẹ̀ ń fẹ́ ooru. Àwọn tó ń pèsè irúgbìn rẹ̀, bíi NIFOR, ilé ìwádìí nípa ọ̀pẹ tó wà nítòsí Ìlú Bìní, máa ń di èkùrọ́ sínú ọ̀rá, wọ́n á fi í sí yàrá tí ooru rẹ̀ tó 38 sí 40 lórí ìwọ̀n Celsius fún nǹkan bí ọjọ́ 60 sí 80. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á rẹ ẹ́ sómi, wọ́n á sá a síbòji títí ara rẹ̀ yóò fi gbẹ. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó ń hù. Ooru tí ó bá pọ̀ jù á pa ọlẹ̀ inú rẹ̀.

Èmi, tí a ń rí òrí lára rẹ̀, kò fẹ́ ooru, kò sì fẹ́ ìpamọ́. Bí kóró rẹ̀ bá ti gbẹ, ó kú nìyẹn. Èyí tí a sè, tí a sì sá fún òrí, kì í ṣe irúgbìn mọ́. Kí a ṣà á lábẹ́ igi, kí a bó ara rẹ̀, kí a sì tètè gbìn ín.

Ẹni tí ó bá fẹ́ ra irúgbìn, kí ó tó béèrè iye rẹ̀, kí ó kọ́kọ́ béèrè ọjọ́ tí wọ́n já a àti bí wọ́n ṣe pa á mọ́.