Nígbà tí New York Gba Rélùwéè Lọ́wọ́ Oníṣòwò

Oníṣòwò ló kọ́kọ́ ń fi ọkọ̀ ojú irin ná abẹ́ ilẹ̀ New York. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ IRT bẹ̀rẹ̀ lóṣù kẹwàá ọdún 1904, sẹ́ǹtì márùn-ún ni owó ọkọ̀, ibi yòówù kí èrò máa lọ. Ní 1913, ìlú bá IRT àti ilé-iṣẹ́ kejì, tó wá ń jẹ́ BMT, ṣàdéhùn láti gbẹ́ ọ̀nà tuntun. Sẹ́ǹtì márùn-ún kò gbọdọ̀ yẹ̀.

Kò pẹ́ tí Ogun Àgbáyé Kìíní dé, tí èédú, irin àti owó oṣù òṣìṣẹ́ gbówó lórí. Owó ọkọ̀ nìkan ni kò kúrò lójú kan. Àwọn ilé-iṣẹ́ náà bẹ̀bẹ̀ títí, etí ikún ni ìlú kọ sí wọn. Olóṣèlú wo ló fẹ́ kí wọ́n torí sẹ́ǹtì kan dìbò yọ òun? John Hylan, tó di méyọ̀ ní 1918, fi sẹ́ǹtì márùn-ún ṣe ìpolongo. Ó kúkú ti wa ọkọ̀ ojú irin rí ní Brooklyn kí wọ́n tó lé e níbi iṣẹ́. Nígbà tó di 1932, gbèsè ti wọ IRT lọ́rùn débi pé ilé ẹjọ́ ló yan ẹni tí yóò máa bójú tó o.

Lóṣù kẹfà ọdún 1940, lábẹ́ méyọ̀ La Guardia, ìlú ra IRT àti BMT ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 326 dọ́là, ó dà wọ́n pọ̀ mọ́ IND, ọ̀nà rélùwéè tí òun fúnra rẹ̀ ti kọ́. Àwọn olówó gba tiwọn, wọ́n lọ. Ọkọ̀ gbígbó àti ojú irin tó ń fẹ́ àtúnṣe di ti ìlú.

Ikú tó ń pa ojúgbà ẹni, òwe ló ń pa fún ni, ṣùgbọ́n ìlú ò gbọ́ òwe yẹn. Lójú tèmi, rírà kọ́ ni àṣìṣe. Owó ọkọ̀ tí wọn ò jẹ́ fọwọ́ kàn ni. Ọdún 1948 ló tó di sẹ́ǹtì mẹ́wàá. Nígbà tó di mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní 1953, wọ́n ní láti rọ tókìn, owó ẹyọ tó wà fún ọkọ̀ nìkan, nítorí irin ẹnu ọ̀nà tí èrò ń sọ owó sí kò lè gba oríṣi owó méjì pọ̀. Ọdún yẹn náà ni wọ́n gba àkóso kúrò lábẹ́ méyọ̀, wọ́n gbé e fún àjọ kan tó gbọ́dọ̀ fi owó ọkọ̀ bọ́ ara rẹ̀.

Títí dòní, ọkọ̀ tó ń jẹ́ nọ́ńbà ló ń gba ojú ọ̀nà IRT, èyí tó ń jẹ́ lẹ́tà wà ní ti BMT àti IND. Ihò IRT há, ọkọ̀ BMT kò lè gbabẹ̀. Ìlú ló ṣì ni ojú irin náà. Àjọ tí wọ́n gbé àkóso fún ní 1953 kàn yá a lò ni.